Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Kó Ìmọ́lẹ̀ àti Òkùnkùn Pọ̀ Sínú Fọ́tò Kan

Ẹni tí ó bá gun àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní ọ̀sán gangan, tí ó sì dúró ní abẹ́ àpáta níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbi sá pamọ́ sí nígbà tí ogun lé wọn dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830, yóò rí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìṣe wàhálà: yóò rí ara àpáta tí ó dúdú tí ó sì tutù lókè orí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn kòtò kéékèèké tí àwọn ìyá wa ti ń lọ ata nínú òkúta, yóò sì rí àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, tí wọ́n tẹ́ lọ rẹrẹ níta lábẹ́ oòrùn títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá gbé kámẹ́rà sójú pé kí òun ya ohun tí òun ń rí yìí, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò bá nínú fọ́tò rẹ̀. Bí ó bá yà á kí àwọn òrùlé lè hàn, abẹ́ àpáta yóò ṣú biribiri. Bí ó bá sì yà á kí abẹ́ àpáta lè hàn, gbogbo ìlú Abẹ́òkúta yóò pòórá sínú funfun. Iṣẹ́ tí à ń pè ní HDR, èyí tí a fi ń ya fọ́tò ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún tí a sì ń kó gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan, ni a dá sílẹ̀ láti fi wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí, òun náà ni orí ìwé yìí yóò sì kọ́ ẹni tí kò ṣe é rí.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé ojú ènìyàn kì í jókòó sójú kan. Bí a ti ń wo ibi tí ó ṣókùnkùn ni ọmọlójú wa ń fẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i, bí a sì ti yí ojú sí ibi tí oòrùn wà ni ó ń súnkì. Ọpọlọ a sì kó gbogbo ohun tí ojú ti ṣà jọ, a fi wọ́n ṣe àwòrán kan ṣoṣo tí a gbà pé a rí. Kámẹ́rà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tí à ń pè ní shutter máa ń ṣí tí ó sì ń padé, ohun tí ó bá rí gbà láàárín ìṣẹ́jú akàn náà ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ojú kámẹ́rà ni pátákó kékeré kan wà, sensor ni orúkọ rẹ̀, tí ó kún fún àìmọye ojú wẹ́wẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wé igbá tí a tò sábẹ́ òrùlé nígbà tí òjò ń rọ̀: èyí tí ó bọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ gan-an yóò kún, yóò sì ṣàn dànù, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye omi tí ó ti bá ilẹ̀ lọ, èyí tí ó jìnnà sí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kò ní rí ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, pàǹtírí inú rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju omi lọ. Igbá tí ó ṣàn dànù ni ojú ọ̀run tí ó funfun báláú tí a kò rí ìkùukùu kankan nínú rẹ̀ mọ́. Pàǹtírí ni àwọn èèrún wínníwínní tí ń bẹ nínú ibi tí ó ṣókùnkùn nínú fọ́tò, àwọn tí àwọn afọ́tò ń pè ní noise.

Stop ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, stop kan ni. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́rin, stop méjì ni. Bí a bá sì kà á dé stop 8, ìmọ́lẹ̀ náà ti di ìlọ́po 256, bẹ́ẹ̀ sì ni láàárín òrùlé tí oòrùn ọ̀sán ń pa àti inú ihò àpáta, ó lè tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà tí ó dára lóde òní lè gba nǹkan bí stop 12 sí 14, ṣùgbọ́n èyí tí ó kẹ́yìn nísàlẹ̀, níbi òkùnkùn, ni pàǹtírí máa ń bò mọ́lẹ̀. Sensor inú fóònù kéré, kì í sì í gba tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń ya fọ́tò tí ó yára, kí ojú ọ̀run má baà ṣàn dànù, tí a sì ń ya òmíràn tí ó pẹ́, kí abẹ́ àpáta lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà dáadáa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ohun tí ọ̀kan kò lè mú wá, èkejì ni yóò mú un wá.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí a tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1856 àti 1857, Gustave Le Gray ń ya fọ́tò òkun, ìṣòro tiwa yìí náà ni ó sì dojú kọ ọ́, nítorí oògùn tí wọ́n ń fi pa ara dígí fọ́tò láyé ìgbà náà máa ń tètè gba àwọ̀ búlúù ju àwọn àwọ̀ yòókù lọ, tí ó fi jẹ́ pé ojú ọ̀run a ti jóná kí omi tó hàn. Le Gray ya dígí kan fún ojú ọ̀run, ó ya òmíràn fún òkun, ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan ní ojú ibi tí omi ti pàdé ọ̀run. Fọ́tò ìgbì ńlá tí ó yà ní Sète wà lára àwọn tí ó ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní ọdún 1997 ni Paul Debevec àti Jitendra Malik, ní yunifásítì tí ó wà ní Berkeley ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, gbé ìlànà kan jáde tí a fi lè ṣírò iye ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbì kan ní tòótọ́ láti inú ọ̀pọ̀ fọ́tò tí a yà níbẹ̀. Ní ọdún 2005 ó wọ inú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 2010, ó ti bọ́ sínú fóònù iPhone tí à ń kì bọ àpò. Bí fóònù yín bá ń kọ HDR sójú rẹ̀, irú iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe fún yín láìsọ fún yín, kíákíá, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ àwọn tí ó ṣe é. Ohun tí a fẹ́ kọ́ níhìn-ín ni bí yóò ṣe jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ tiyín.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ó nílò rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá ti bo ojú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ a máa rọ̀, òjìji a sì máa fẹ́lẹ́. Fọ́tò ẹyọ kan sì lè gba gbogbo rẹ̀ láìkù síbì kan. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ nìyí: ẹ ya fọ́tò kan, kí ẹ sì ní kí kámẹ́rà fi histogram rẹ̀ hàn yín, èyíinì ni àwòrán kékeré tí ó dà bí òkè tí ó ń ga tí ó ń relẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni òkùnkùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Bí òkè náà bá jókòó láàárín tí kò kan ògiri lọ́tùn-ún tàbí lósì, iṣẹ́ ti parí, ẹ máa lọ sílé. Bí ó bá fara ti ògiri ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ kan ti ṣàn dànù. Bí ó bá fara ti ògiri òsì, ohun kan ti wọ inú òkùnkùn lọ. Bí ó bá sì kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an ni HDR ti wúlò. Inú ṣọ́ọ̀ṣì tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ dígí aláwọ̀, inú pálọ̀ tí a fẹ́ kí ọgbà hàn láti ojú fèrèsé, etí òkun nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, àti ẹnu ihò àpáta bí ti Olúmọ, gbogbo wọn ni ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹ tó gbé ẹrù gun òkè, ẹ ti mọ apá ibi tí oòrùn yóò wà, ẹ ti fi iná sí bátìrì kí ó kún, ẹ sì ti nu ojú lẹ́ńsì, nítorí ìdọ̀tí tí kò hàn níbòmíràn ni oòrùn ń sọ di àbàwọ́n ńlá. Olúmọ jẹ́ ibi ọ̀wọ̀, ojúbọ sì wà níbẹ̀. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ojú kámẹ́rà sí i, bí wọ́n bá sì ní rárá, kí ẹ kí wọn kí ẹ sì yí ojú kámẹ́rà síbòmíràn.

Bí ẹ bá ti rí ibi tí ó wù yín, ẹ gbé kámẹ́rà lé orí tripod, èyíinì ni ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò mì, nítorí bí fọ́tò kan bá fi ìwọ̀n irun orí yàtọ̀ sí èkejì, ó di kí kọ̀ǹpútà máa fà wọ́n kí wọ́n tó bára mu. Bí lẹ́ńsì yín bá ní ohun tí ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró, ẹ pa á, nítorí lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ó lè di ohun tí ń fa gbígbọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí kámẹ́rà máa fi fọ́tò pamọ́ ní RAW, èyíinì ni bí sensor ti gbà á gan-an, kì í ṣe JPEG, èyí tí kámẹ́rà ti tẹ̀ pọ̀. Nínú JPEG, ipele 256 péré ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti inú òkùnkùn dé inú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú RAW oníbíìtì 14, ó tó 16,384. Ẹ fi aperture, èyíinì ni ihò inú lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí f/8, ẹ fi ISO, èyíinì ni ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà di ńlá, sí 100, ẹ fi white balance, èyí tí ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, sí ti oòrùn, ẹ fi ọwọ́ yí lẹ́ńsì títí ohun tí ẹ fẹ́ yóò fi mọ́ kedere, lẹ́yìn náà kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Shutter nìkan ni ó gbọ́dọ̀ máa yí padà. Bí ẹ bá ń fẹ aperture tí ẹ ń pa á dé, ohun tí ó mọ́ nínú fọ́tò kan yóò ṣe bàìbàì nínú èkejì, wọn kì yóò sì gbà kí a so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá sì ń gbé ISO sókè, pàǹtírí tí à ń sá fún ni ẹ ń lọ bá.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù. Ní ọ̀sán tí oòrùn mú, òrùlé Abẹ́òkúta yóò hàn dáadáa bí shutter bá wà ní 1/500 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ yà á, kí ẹ wo histogram, kí ẹ rí i pé òkè náà kò kan ògiri ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí 1/125, sí 1/30, sí 1/8, títí ẹ ó fi dé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí yóò ti mú abẹ́ àpáta hàn pẹ̀lú gbogbo ìlà ara rẹ̀. Fọ́tò márùn-ún nìyẹn, stop méjì ni ó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ stop 8. Bí òkè histogram fọ́tò ìkẹyìn bá ṣì kan ògiri òsì, ẹ tún ya ẹyọ kan sí i ní ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ibi tí ẹ bá wà ni yóò sọ iye tí ó tó, kì í ṣe ìwé. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní ètò tí ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, AEB ni Canon ń pè é, Nikon a sì máa pè é ní BKT. Ẹ sọ fún un pé stop méjì sísàlẹ̀, àárín, àti stop méjì sókè, yóò sì ya mẹ́ta tẹ̀ léra. Bí mẹ́ta kò bá tó, ẹ fi ọwọ́ ya ìyókù. Ẹ má ṣe fi ìka tẹ kámẹ́rà ní tààrà nígbà tí shutter bá ti lọ́ra. Ẹ lo aago inú rẹ̀ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ó tó ṣí, tàbí rìmóòtù bí ẹ bá ní in. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tí ó lè tún ohun tí a fi ìwàǹwára yà ṣe.

Níbi tí ènìyàn bá ti ń rìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí ó wà lọ́wọ́ òsì nínú fọ́tò kìíní ti dé ọwọ́ ọ̀tún nínú ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà yóò sì fi òjìji rẹ̀ hàn nígbà méjì bí iwin. Ewé igi tí afẹ́fẹ́ ń mì àti ìkùukùu tí ń lọ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Fún ewé àti ìkùukùu, ètò tí à ń pè ní deghost, tí yóò mú ibẹ̀ láti inú fọ́tò ẹyọ kan ṣoṣo, máa ń tó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó yé àwọn tí ń ya fọ́tò ìgbéyàwó pé HDR kọ́ ni ọ̀nà wọn. Lóòótọ́ ni ìyàwó tí ó dúdú dan, tí ó wọ lẹ́ẹ̀sì funfun, tí ó sì dúró sójú oòrùn, jẹ́ ìdánwò fún kámẹ́rà, àwọn kan sì ń fi ojú ìyàwó ṣòfò kí aṣọ lè hàn, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ alátẹ lẹ́ẹ̀sì ṣòfò kí ojú lè hàn. Ẹ mú ìyàwó wá sábẹ́ ìbòòji, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan na aṣọ funfun tàbí pátákó funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè padà sójú rẹ̀, kí ẹ sì ya RAW ẹyọ kan tí lẹ́ẹ̀sì kò fi ní jóná. Ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ yóò gba kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ara rẹ̀ kò sì ní di eérú.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ da gbogbo fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà wọn síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí iná mànàmáná kì í dágbére kí ó tó lọ. Ẹni tí ó bá ń lo ètò Lightroom yóò yan fọ́tò máràrùn-ún, yóò tẹ Photo Merge, yóò sì yan HDR. Kí ó fi àmì sí Auto Align kí wọ́n lè bára mu, kí ó sì fi Deghost sí ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Photomatix wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, Luminance HDR sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò fẹ́ náwó. Ohun tí yóò jáde ni fáìlì kan tí ó ti gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ sínú. Nínú ti Lightroom, ẹ ó rí i pé Exposure, ohun tí a fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò sókè tàbí sódò, tí ó máa ń lọ sókè sódò ní stop márùn-ún, ti wá ń lọ ní mẹ́wàá. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn ètò orí fóònù tí ń fi HDR lé orí fọ́tò kan ṣoṣo, bí irú èyí tí ń bẹ nínú Snapseed, kò kó ìmọ́lẹ̀ kankan jọ. Wọ́n kàn ń kun ohun tí ó ti wà ni, ohun tí kámẹ́rà ti pàdánù kò sì lè ti ibẹ̀ padà wá.

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ojú kọ̀ǹpútà kò lè fi gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú fáìlì náà hàn, nítorí náà a ní láti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó lè gba inú rẹ̀, èyí ni à ń pè ní tone mapping. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwọ̀n Exposure tí ó dára lójú. Ẹ fa Highlights, tí ó wà fún ibi tí ó mọ́lẹ̀, wálẹ̀ títí ìkùukùu yóò fi padà sójú ọ̀run. Ẹ gbé Shadows, tí ó wà fún ibi tí ó ṣókùnkùn, sókè, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ bá ti lè rí ara òkúta, kí ó tó di eérú. Lẹ́yìn náà, ẹ fa Blacks wálẹ̀ kí ohun kan ṣá dúdú pátápátá nínú fọ́tò náà, nítorí fọ́tò tí kò ní dúdú kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ẹ fi Clarity, tí ń mú ìlà ara nǹkan hàn, kún un níwọ̀nba, bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwọ̀ ta, Vibrance ni kí ẹ lò, kì í ṣe Saturation, nítorí Saturation kì í mọ àwọ̀ tí ó ti kún tẹ́lẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ ti rí àwọn fọ́tò wọnnì tí ojú ọ̀run wọn ní àwọ̀ àlùkò, tí koríko wọn ń tàn bí ike, tí àyíká funfun sì yí etí gbogbo ilé àti igi ká níbi tí wọ́n ti kan ojú ọ̀run. Halo ni àyíká funfun náà ń jẹ́. Ohun tí ń fà á ni pé ètò náà ń gbé ibi dúdú sókè ó sì ń fa ibi funfun wálẹ̀ nípa wíwo àwọn aládùúgbò wọn, tí a bá sì ti fi agbára ṣe é, ààlà wọn yóò máa wú. Bí ẹ bá rí i ní etí àpáta, ẹ dín agbára rẹ̀ kù; ẹ má ṣe wá oògùn mìíràn fún un. Ẹ sún fọ́tò mọ́ra dé 100% kí ẹ wo gbogbo igun rẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àárín tí ẹ yà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí ojú tí ó ti rẹ̀ kì í mọ ibi tí àwọ̀ ti pọ̀ jù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí, tí mo sì fẹ́ kí ẹni tí ń kọ́ ọ gbé sọ́kàn, ni pé a kò kó ìmọ́lẹ̀ jọ kí a lè lé òkùnkùn lọ. Abẹ́ Olúmọ ṣókùnkùn, òkùnkùn náà sì ni ààbò tí àwọn baba ńlá Ẹ̀gbá rí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi HDR sọ ọ́ di ibi tí ó mọ́lẹ̀ bí ìta ti purọ́ mọ́ àpáta náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlà ara òkúta ni ó hàn. Kí ìta mọ́lẹ̀ ju inú lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, kí ẹni tí ń wo fọ́tò sì kọ́kọ́ rí ìlú, kí ojú rẹ̀ tó máa wọ inú òjìji lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa rí àwọn kòtò tí wọ́n lọ ata nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ojú ẹni tí ó dúró níbẹ̀ ti ń rí i. Nígbàkígbà tí ọwọ́ yín bá wà lórí Shadows, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ rí ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó kù díẹ̀ nípa títẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìwé kì í tan ìmọ́lẹ̀ bí ojú kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà sì kéré sí ti kọ̀ǹpútà, nítorí náà fọ́tò tí ó dára lójú yín lórí kọ̀ǹpútà lè ṣókùnkùn nígbà tí ó bá jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ kékeré kan fún yín, kí ẹ gbé e síta lójúmọmọ kí ẹ wò ó, kí ẹ tó san owó ńlá. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa ètò tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà yóò rí òjìji tí ẹ fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe, yóò sì gbé e sókè fún yín láìbéèrè. Ẹ tọ́jú àwọn RAW máràrùn-ún pẹ̀lú èyí tí ẹ parí, nínú àpò kan náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ yà wọ́n sí i lára.